Owó Ọ̀rá: Ohun Tó Ń Bí Oníbàárà Nínú Nídìí Kaṣíà

Owó ọ̀rá ni owó tí ilé ìtajà ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún àpò tó fẹ́ fi kó ọjà tó rà lọ sílé. Owó náà kì í pọ̀. Ẹni tó ra ẹrù púpọ̀ lè má rí i lórí rìsíìtì bí kò bá wò ó dáadáa. Síbẹ̀, nínú gbogbo owó tó ń gba ọwọ́ kaṣíà kọjá, òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Oníbàárà tí kò sọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n fowó lé wàrà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan lè já gbogbo ọjà sílẹ̀ lórí tábìlì, kó bá tirẹ̀ lọ nítorí ọ̀rá. Kì í sì í ṣe tálákà ló ń bínú jù. Ẹni tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá náà ń jà. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé iye owó kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn oníbàárà, bí kò tilẹ̀ là á sọ: ta ló ni owó yìí, ọ̀nà wo sì ni èèyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́? Níbi tí ìdáhùn bá ti ṣe kedere, ariwo náà kì í pẹ́ rọlẹ̀. Níbi tí kò bá ti ṣe kedere, ó lè di ọ̀rọ̀ ìṣèlú.

Kò sí ìgbà kan tí ọ̀rá jẹ́ ọ̀fẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Sweden kan, Sten Gustaf Thulin, ló ya ọ̀rá alápá méjì tí gbogbo ayé ń lò lónìí fún ilé-iṣẹ́ Celloplast, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1965. Nígbà tó fi máa di 1982, àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ńláńlá ní Amẹ́ríkà ti ń fi rọ́pò àpò oníbébà. Ó fúyẹ́, ó lágbára, ó sì pọ́ọ́kú débi pé kò sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ kí wọ́n dá iye lé e. Wọ́n kàn ń ka owó rẹ̀ mọ́ owó iná àti owó ilé ni, wọ́n sì ń pín in sórí iye ọjà. Ìyẹn ni pé ẹni tó gbé agbọ̀n tirẹ̀ wá láti ilé ń bá ẹni tó gba ọ̀rá márùn-ún sanwó. Àlàyé yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n oníbàárà kì í gbà á, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọ̀rá, iye ọjà kò wálẹ̀. Kaṣíà tó bá fẹ́ fi àlàyé yìí paná ìjà, epo bẹntiróòlù ló ń dà sí i.

Láàárín àwọn Yorùbá, ọ̀rọ̀ èènì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ra gàrí kóńgò mẹ́ta ń retí ẹ̀kúnwọ́ kan lórí rẹ̀. Ẹni tó ra tàtàṣé ń retí kí wọ́n ju rodo méjì sí i. Oníṣòwò tó gbọ́n ti fojú bu èènì kó tó dá iye lé ọjà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní ti ìṣirò, ṣùgbọ́n òun ló ń fi hàn pé ìyá ọlọ́jà mọ rírì oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá rọ́pò ewé àti ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń di ọjà, abẹ́ èènì ló bọ́ sí. Oníbàárà á ní kí wọ́n fi méjì bọra kó má baà já lọ́nà, ìyá ọlọ́jà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ láì fajú ro. Lójú ẹni tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà, owó ọ̀rá kì í ṣe iye tuntun kan tí wọ́n dá lé nǹkan. Ọwọ́ tí wọ́n nà sí i tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fà sẹ́yìn.

Orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá di ibi tí owó ọ̀rá ti yọrí sí rere. Kí ìjọba ibẹ̀ tó dáwọ́ lé e, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí ọ̀rá 328 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́dún, púpọ̀ nínú wọn sì ń dé ojú títì, etí òkun àti orí igi. Ní 1999 wọ́n bi àwọn ará ìlú léèrè pé èló ni wọ́n lè san lórí ọ̀rá kan. Bí wọ́n ṣe pín ohun tí wọ́n sọ dọ́gba, kò pé sẹ́ǹtì mẹ́ta. Noel Dempsey, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká nígbà náà, kò tẹ̀ lé iye yẹn. Sẹ́ǹtì 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2002, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ohun tí àwọn ènìyàn láwọn lè san. Ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí á rò pé ìlú á dàrú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ìgbà díẹ̀, iye ọ̀rá tí wọ́n ń gbà já wálẹ̀ ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó di 21 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ní 2001, ọ̀rá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo pàǹtírí ojú títì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò pé ìdá kan mọ́.

Bí wọ́n ṣe to ètò náà ló yẹ kí oníṣòwò wò dáadáa. Òfin kò gbà kí ilé ìtajà bá oníbàárà san owó náà láti fi fa ojú rẹ̀ mọ́ra: oníbàárà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ san án, ó sì gbọ́dọ̀ hàn lórí rìsíìtì ní ìlà tirẹ̀. Kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ kò jẹ́ ti ilé ìtajà. Ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí ìjọba ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dà á sínú àpò owó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ pàǹtírí àti àyíká. Wọ́n ti kéde ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Ẹran tútù, ẹja àti èso tí kò sí nínú páálí ṣì ní ọ̀rá kékeré tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì ra àpò tó lágbára ní sẹ́ǹtì 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò san owó òde lórí rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ bú kaṣíà, kò rí ibi tí yóò di èébú náà mọ́: kaṣíà kò jèrè, ọ̀gá rẹ̀ kò jèrè, àpò láti ilé kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí iye ọ̀rá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tún gòkè kọjá 30, wọ́n sọ owó náà di sẹ́ǹtì 22 ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2007. Lọ́dún yẹn náà, Frank Convery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kọ ìwé ìwádìí kan tí wọ́n ti bèèrè bóyá òun ni owó-orí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ní gbogbo Yúróòpù. Wọ́n ní olóṣèlú tó bá gbìyànjú láti fagi lé e ló máa jìyà rẹ̀ níwájú àwọn olùdìbò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kẹ́yìn láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Wales ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Àríwá Írẹ́lándì ní 2013, Skọ́tlándì ní 2014, kó tó kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2015, ní pẹ́nì márùn-ún lórí ọ̀rá kan. Ní 2014, ọ̀rá bílíọ̀nù 7.6 ni àwọn ilé ìtajà ńlá méje ibẹ̀ fún àwọn oníbàárà, nǹkan bí 140 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé rúkèrúdò ń bọ̀. Rúkèrúdò náà kò wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wá, òfin náà gan-an ló sì fa ẹ̀rín ọ̀hún. Ilé ìtajà tó ní òṣìṣẹ́ 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ló kàn. Ẹran tútù, oògùn tí dókítà kọ, ọ̀bẹ tí kò sí nínú páálí, àti ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàyè nínú omi ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rá ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá wá ki páálí bísíkíìtì kan sínú ọ̀rá kan náà, ó di ọ̀rá olówó. Àwọn kaṣíà ní láti há gbogbo èyí sórí, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ti fi ìbínú kó ọjà sílẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ tí oníbàárà ti ń ka ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń bi í pé ọ̀rá mélòó ló mú, ọ̀pọ̀ ẹni iyì tí kì í jalè ló ń tẹ òdo. Agbọ̀n ilé ìtajà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn kan lọ sílé.

Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ṣe bí Írẹ́lándì ti ṣe é ni ti owó náà. Kì í ṣe owó-orí. Yàtọ̀ sí owó-orí ọjà tó wà nínú pẹ́nì náà, ọwọ́ ilé ìtajà ni ìyókù ń wà, ìjọba kàn ń retí pé kí wọ́n fi tọrẹ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, kí wọ́n sì máa ròyìn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ń tọrẹ lóòótọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Síbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wọn ni owó náà ń gbà kọjá, ìfura kò tán: oníbàárà ń wò ó pé owó òun ni wọ́n fi ń ṣe saárà, tí wọ́n sì ń gba ìyìn rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà kéékèèké, títí kan àwọn tó ń ta iṣu, gàrí àti ẹ̀fọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fún ènìyàn ní ọ̀rá láì gba kọ́bọ̀ títí di ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2021, nígbà tí owó náà di pẹ́nì mẹ́wàá tó sì kan gbogbo ilé ìtajà. Nígbà yẹn, ìṣirò ìjọba ti fi hàn pé ọ̀rá mẹ́rin péré ni ènìyàn kan ń rà lọ́dún ní àwọn ilé ìtajà ńlá ibẹ̀.

Mẹ́rin yẹn kò sọ gbogbo ìtàn. Àwọn ilé ìtajà gbé àpò mìíràn síta tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n pè é ní àpò àlòpẹ́, wọ́n sì ń tà á ní owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọ̀rá lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e lọ sílé, wọ́n ń gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń ra òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 2019, Greenpeace àti àjọ kan tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ àyíká ṣírò rẹ̀ pé àwọn ilé ìtajà ńlá ní Brítéènì ta bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ irú àpò yìí lọ́dún kan, ìyẹn nǹkan bí 54 fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ike inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀rá àtijọ́ lọ. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Àpò òwú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò: àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde ní 2011, tó sọ pé kí àpò òwú tó lè san ju ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ ní ti ooru tó ń fi kún ayé, wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó nígbà 131, ó kéré tán. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń fi ọ̀rá náà da ìdọ̀tí nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi gbé ọjà délé, ó di 327. Oníbàárà tó bá sọ fún kaṣíà pé ọ̀rọ̀ àyíká yìí kò fi gbogbo ara jẹ́ òtítọ́ kò pa irọ́ tán.

Ítálì ni ibi tí owó tó kéré jù lọ ti dá ariwo tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2018 ni òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, tó ní kí ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn èso àti ẹ̀fọ́ jẹ́ irú èyí tó lè jẹrà, kí oníbàárà sì sanwó rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, sẹ́ǹtì kan sí mẹ́ta ni. Láàárín ọdún kan gbáko, gbogbo ohun tí ilé kan lè san kò ju yúrò mélòó kan lọ. Kò sí ẹni tí ìyẹn lè sọ di aláìní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ ni kò sí: lákọ̀ọ́kọ́, wọn kò gbà kí ènìyàn gbé àpò tirẹ̀ wá wọn tòmátò, wọ́n ní nítorí ìmọ́tótó. Ènìyàn kò sì lè fi ọwọ́ lásán wọn ẹ̀wà tútù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lẹ ìwé iye mọ́ ara ọsàn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń to gbogbo rẹ̀ síwájú kaṣíà, tí wọ́n tún ń ya fọ́tò rẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn wọn ń gùn sí i. Òkìkí kàn pé ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá tó ń jẹrà náà sún mọ́ Matteo Renzi, tó ti jẹ olórí ìjọba rí. Renzi ní láti jáde wá tako ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìdìbò ku oṣù méjì. Ó di òpin oṣù Kẹta kí ilé ẹjọ́ tó ń gba ìjọba ní ìmọ̀ràn tó sọ pé oníbàárà lè gbé ọ̀rá tirẹ̀ wá, bó bá ṣáà ti mọ́. Ọsàn tí wọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó ọ̀rá ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ: ọgbẹ́ náà kò sí nínú sẹ́ǹtì méjì, inú pé wọ́n fi agbára mú ènìyàn san án ló wà.

Gúúsù Áfríkà ṣe òdìkejì rẹ̀: ìbínú kò pọ̀ níbẹ̀, èrè kò sì pẹ́. Mohammed Valli Moosa, mínísítà àyíká nígbà náà, fi ọ̀rá tó ń fẹ́ káàkiri lára igi àti wáyà ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní ọ̀rá ti di òdòdó orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2003, òfin fagi lé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì di dandan kí oníbàárà ra èyí tó nípọn. Àwọn kan ń tà á tó sẹ́ǹtì 46. Lílò rẹ̀ kọ́kọ́ já wálẹ̀ gan-an. Àwọn ilé ìtajà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye náà kù láti fi bá ara wọn díje, ìjọba náà sì ń gba sẹ́ǹtì mẹ́ta tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀rá, níbi tí ojú oníbàárà kò tó. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rá tún padà. Buyisa-e-Bag, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa kó ọ̀rá àlòkù jọ fún àtúnlò, kógbá sílé ní 2011. Ẹni tó ra ọ̀rá ní Johannesburg ní ọdún kẹwàá ètò náà kò rí ohun kankan lórí rìsíìtì tó lè sọ fún un pé ó ní owó tí ìjọba ń gbà.

Ní Ọsirélíà, ìṣòro náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìtajà fúnra wọn. Láàárín ọdún 2018, Woolworths àti Coles, tí wọ́n jẹ́ aṣíwájú níbẹ̀, ṣíwọ́ ọ̀rá ọ̀fẹ́, wọ́n sì gbé èyí tó tó sẹ́ǹtì 15 síta. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ròyìn pé oníbàárà kan fún òṣìṣẹ́ lọ́rùn nítorí rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà ṣe fárí gá, Coles yí ọwọ́ padà pé òun á ṣì máa fi àpò tuntun náà tọrẹ. Àwọn tó fẹ́ kí ọ̀rá dínkù wá gba ẹnu àwọn tí kò fẹ́ sanwó, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, Coles sì tún yí padà ní òpin oṣù Kẹjọ. Ilé ìtajà tó bá ń ṣe ṣégeṣège báyìí, apá méjèèjì ló máa pàdánù. Oníbàárà lè fara da ìpinnu tó dun òun. Èyí tó mọ̀ pé ariwo lè yẹ̀ ni kì í dẹ́kun àtimáa pariwo sí.

Kí ló fà á tí owó kékeré fi ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìlú Washington bẹ̀rẹ̀ sí í gba sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ọ̀rá ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2010. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó náà ń lọ sí ìtọ́jú odò Anacostia tó gba àárín ìlú kọjá, kò sì sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ tí kò mọ bí odò náà ṣe dọ̀tí tó. Tatiana Homonoff, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, wo àwọn ilé ìtajà agbègbè náà. Àwọn kan ti ń fún ẹni tó bá gbé àpò tirẹ̀ wá ní sẹ́ǹtì márùn-ún tẹ́lẹ̀. Kò yí ìwà ẹnikẹ́ni padà. Nígbà tí wọ́n wá ń gba sẹ́ǹtì márùn-ún kan náà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé e wá, ìdá àwọn tó ń gba ọ̀rá já wálẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ju ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó tí wọ́n fún èèyàn àti owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dọ́gba lọ́kàn rẹ̀, bí iye wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí owó ọ̀rá fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn náà tó fi ń bí ènìyàn nínú. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá láti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí tún wà níbẹ̀. Ní 1986, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé bí yìnyín bá já lóru, tí ẹni tó ń ta ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín sì sọ iye rẹ̀ láti dọ́là 15 di 20 láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣé ó dára? Ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ní kò dára. Iye tó ga kọ́ ló bí wọn nínú. Pé oníṣòwò lo ìnira ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ti ra ọjà, tó ti sanwó tàbí tó fẹ́ san án, tí ènìyàn mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, tí wọ́n wá bi pé ṣé ó fẹ́ ọ̀rá, wà nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀.

Ọjà Yorùbá fi èyí hàn gbangba. Ní Oyíngbò tàbí Mile 12, àwọn tó ń kiri báàgì ńlá ń rìn láàárín ọjà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ á pè wọ́n, á ná an, á sì rà á láì bínú. Ẹni kan náà yìí ló máa bá kaṣíà fa ọ̀rọ̀ nígbà tó bá dé sùpámákẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú ọjà, ẹni tó ń ta báàgì kì í ṣe ẹni tó ta ata; iye rẹ̀ ṣeé ná; kò sì sí ohun tó ní kó rà á bó bá lè kó ẹrù rẹ̀ sínú abọ́ tó gbé wá. Nínú sùpámákẹ́ẹ̀tì, iye rẹ̀ ń jáde lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti parí. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbo oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà sọ pé kí oníṣòwò máa fi iye ọjà hàn kí oníbàárà tó rà á. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tó kọ iye sára gbogbo nǹkan, títí dórí súìtì, kò kọ iye ọ̀rá síbì kankan.

Kò sí òfin àpapọ̀ tó ní kí ilé ìtajà gba owó ọ̀rá ní Nàìjíríà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá òfin kan ní 2019 láti fòfin de ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò di òfin. Àwọn tó ń gba owó náà, ìpinnu ara wọn ni, ọ̀dọ̀ wọn náà ni owó ń wọlé sí. Ní Èkó, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ife àti ṣíbí ìlòsọnù àti abọ́ fóòmù tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbógun tì ní 2024. Ọ̀rá tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n, nítorí náà ilé ìtajà ní àwáwí tó tọ́ láti dá iye lé e. Ohun tí kò ní àwáwí ni orúkọ ilé ìtajà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀. Oníbàárà tó gbé e rìn láti Ìkẹjà dé Àgége ń polówó ọjà fún wọn, ó sì sanwó kó tó polówó náà. Èyí ni ẹ̀sùn tí kaṣíà ń gbọ́ jù, ẹni tó ń sọ ọ́ sì jàre. Ilé ìtajà tó bá fẹ́ ta ọ̀rá ní iye tó pé yẹ kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ kí orúkọ òun máa rìn kiri, kó gbé díẹ̀ nínú owó náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tún wà níbẹ̀, èyí tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ọ̀pọ̀ sùpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gba àpò lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé, wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì ń yẹ rìsíìtì rẹ̀ wò nígbà tó bá ń jáde. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà tó gba àpò lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, tó tún ta ọ̀rá fún un nínú ilé, ti dí ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó wà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Ítálì. Ibi tí wọ́n ti yanjú èyí, ọgbọ́n tí kò náni lówó ni wọ́n lò: wọ́n gbà kí àpò tó ṣófo wọlé ní kíká, wọ́n kó àwọn páálí òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ kaṣíà kí ẹni tó bá wù mú, wọ́n sì lẹ iye ọ̀rá mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ojú ti máa kọ́kọ́ bá a. Kaṣíà gan-an ń fẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ti di ọjà tí wọ́n ń kà nínú kọ̀ǹpútà, níbi púpọ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ iye rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ bí ọ̀rá tó kù kò bá bá ìwé mu. Ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn fún òun ní ẹyọ kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó san án láti àpò ara rẹ̀.

Ní Orílẹ̀-èdè Benin, wọn kò bá ọ̀rọ̀ iye lọ rárá: òfin oṣù Kejìlá 2017 ka ṣíṣe, kíkó wọlé, títà àti lílo ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀. Kenya ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin halẹ̀. Níbi tí òfin bá ti rí báyìí, kaṣíà bọ́ lọ́wọ́ èébú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè àti ọlọ́pàá ló gba ipò rẹ̀.

Èyí tó kù ni ọ̀rá tí wọ́n ti gbà délé. Inú ọ̀rá ńlá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ agbo ilé ń kó wọn sí, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú èyí tí wọ́n fi ń da ìdọ̀tí nù, tí wọ́n fi ń di ẹja sínú firíìjì, tí wọ́n fi ń wé bàtà ọmọ iléèwé lásìkò òjò. Bí ọ̀rá bá di olówó, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò lọ. Rebecca Taylor, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣèwádìí èyí ní California, níbi tí àwọn ìlú ti ń fòfin de ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kan gbogbo ìpínlẹ̀ ní 2016. Ó rí i pé àpò kékeré ìdalẹ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tà gan-an ní àwọn ìlú náà: bí ike tó wà nínú ọ̀rá ọjà ṣe dínkù ní ogójì mílíọ̀nù pọ́n-ùn ìwúwo lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni ti àpò ìdalẹ̀nù fi mílíọ̀nù méjìlá gòkè. Ó ku nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá tó jẹ́ àdínkù tòótọ́.